Ṣíṣí Àgádágodo Láìlo Ọmọ Kọ́kọ́rọ́: Báwo Ló Ṣe Ń Ṣeé Ṣe, Ta Ló sì Lè Fi Ṣeré?

Ẹni tó bá wà lórí WhatsApp ẹbí tàbí ti ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Abuja kò ní ṣàì ti rí irú fídíò yìí rí: ọwọ́ méjì, àgádágodo kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Kí èèyàn tó pajú dé, àgádágodo ti já. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ariwo á sọ. Ẹnìkan á kọ ọ́ láti Nyanya pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rógun olè. Ẹlòmíràn á ní ilé ẹ̀kọ́ olè ni wọ́n ṣí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkẹta á béèrè, tọkàntọkàn, bóyá àgádágodo tí òun fi ti géètì òun ní Lugbe ṣì wúlò fún nǹkan kan.

Ìbéèrè ẹnìkẹta yẹn ló jẹ mí lógún jù, nítorí ó ní ìdáhùn. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí àgádágodo láìlo ọmọ kọ́kọ́rọ́ á mọ ohun tó ń fi owó rẹ̀ rà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ yìí, mo sì fẹ́ kí àwọn èèyàn wa lóye rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rù rẹ̀.

Ká tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Nínú àlàyé yìí, ọmọ kọ́kọ́rọ́ ni èyí tí à ń kì bọ ihò. Àgádágodo ni èyí tí à ń fi kọ́ ara géètì tàbí ṣọ́ọ̀bù. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ni èyí tí káfíńtà tàbí wẹ́dà dè mọ́ inú ilẹ̀kùn. Ohun tí mò ń ṣàlàyé ni ká fi irinṣẹ́ kéékèèké ṣí ọ̀kan nínú wọn láìfọ́ ọ, láìgé e, kó sì tún ṣeé tì pa lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Lockpicking ni orúkọ tí wọ́n ń pè é kárí ayé.

Kí ló wà nínú ihò kọ́kọ́rọ́?

Ẹ lọ dúró ti ọ̀kan nínú àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́bàá ọjà Wuse tàbí ní Kubwa. Á gba ọmọ kọ́kọ́rọ́ yín, á tẹ́ ẹ mọ́ ara èyí tí kò tíì ní eyín, á fi fáìsì há méjèèjì pọ̀, á wá mú fáìlì. Á rẹ́ ẹ díẹ̀, á gbé e sókè sójú oòrùn, á dijú kan wò ó, á tún rẹ́ ẹ. Ohun tó ń wá ni pé kí gegele àti gọ́tà ara tuntun bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Bí ibì kan bá fi díẹ̀ báyìí ga ju bó ṣe yẹ lọ, ọmọ kọ́kọ́rọ́ á wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní yí.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú àgádágodo tó wọ́pọ̀ lọ́jà, irin róbótó kan wà tó ń bá ọmọ kọ́kọ́rọ́ yí. Sílíńdà là ń pè é. Sílíńdà yìí jókòó sínú irin mìíràn tí kì í yí, ìyẹn ara àgádágodo fúnra rẹ̀. Wọ́n lu ihò kéékèèké sí ara irin òde náà, wọ́n lù ú wọnú sílíńdà, ní ìlà kan. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, píìnì méjì gun orí ara wọn, sípíríǹgì kékeré kan sì ń tì wọ́n sísàlẹ̀.

Bí ọmọ kọ́kọ́rọ́ kò bá sí nínú rẹ̀, píìnì òkè á dábùú ààlà: ìdajì rẹ̀ á wà nínú irin òde, ìdajì á wà nínú sílíńdà. Bí èèyàn bá fẹ́ yí sílíńdà, píìnì yẹn ni kò ní jẹ́. Iṣẹ́ eyín ọmọ kọ́kọ́rọ́ ni láti gbé píìnì kọ̀ọ̀kan sókè dé ibi tí ojú ìpàdé píìnì méjèèjì á fi bọ́ sórí ààlà gẹ́lẹ́. Nígbà tí gbogbo wọn bá bọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sóhun tó dábùú mọ́, sílíńdà á yí. Bí ọ̀kan bá ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù, ó ti parí.

Àgádágodo kékeré a máa ní píìnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ti ilẹ̀kùn a máa ní márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi igi ṣe irú rẹ̀, tí píìnì onígi ń já bọ́ sínú ọ̀pá ìdábùú ilẹ̀kùn. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Linus Yale, gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ tó jẹ́ irin ní 1848. Ọmọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, sọ ọ́ di kékeré, ó sì fi ọmọ kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ tó ní eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ sí i ní 1861. Ohun tó wà lápò yín lónìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tirẹ̀.

Báwo ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọmọ kọ́kọ́rọ́?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rò. Wọ́n rò pé ẹni tó ń ṣí i ń rọ́ irin káàkiri inú ihò títí orí á fi bá a ṣe é. Rárá o.

Bí píìnì márùn-ún bá ní láti dé ààlà lẹ́ẹ̀kan náà, ó yẹ kó ṣòro fún ẹni tó ń fọwọ́ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí bó bá fi gbé ìkejì, sípíríǹgì á ti da àkọ́kọ́ padà. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé kò sí ilé iṣẹ́ kankan láyé tó lè lu ihò márùn-ún sójú ìlà kan kó gún régé láìyẹ̀. Ọ̀kan á fi ìwọ̀n tí ojú ò lè rí yà sọ́tùn-ún, òmíràn á yà sósì, píìnì kan á sì fi díẹ̀ sanra ju èkejì lọ.

Ẹ jẹ́ ká ní èèyàn márùn-ún ru pákó gígùn kan lórí. Bí wọ́n tilẹ̀ rí bí ẹgbẹ́ ara wọn, wọn ò lè ga dọ́gba. Ẹni tó ga jù lára wọn ni pákó náà wà lórí rẹ̀ ní ti gidi, àwọn yòókù kàn fọwọ́ bà á ni. Bí ẹni náà bá wá tẹ̀ba díẹ̀, ìwúwo á bọ́ sórí ẹni tó ga tẹ̀lé e. Bí ìyẹn náà bá tẹ̀ba, á tún kan ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni píìnì ń ṣe. Irinṣẹ́ méjì ni wọ́n ń lò. Àkọ́kọ́ ni mo máa pè ní irin ìyí: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ orí rẹ̀, tí wọ́n ń kì bọ ẹnu ihò láti fi yí sílíńdà díẹ̀. Ìkejì ni irin ìkọ́, tí orí rẹ̀ yọ gọngọ, tí wọ́n fi ń gbé píìnì láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fi irin ìyí ti sílíńdà díẹ̀, kò ní yí, ṣùgbọ́n á fún píìnì kan mọ́ ògiri ihò rẹ̀. Ọ̀kan yẹn ló gba gbogbo ìwúwo náà. Ẹ fi irin ìkọ́ gbé e sókè. Nígbà tí ojú ìpàdé rẹ̀ bá dé ààlà, sílíńdà á fi díẹ̀ báyìí sún, píìnì òkè á sì jókòó sórí ètè kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kò ní lè já bọ́ mọ́. Ìwúwo ti bọ́ sórí òmíràn nìyẹn. Ẹ wá èyí náà kàn, ẹ gbé e. Bí èyí tó kẹ́yìn bá ti jókòó, àgádágodo á já.

Ìka ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, ojú kò rí nǹkan kan. Píìnì tí kò há á máa lọ sókè sódò bí irin ìkọ́ bá kàn án, sípíríǹgì rẹ̀ nìkan ni ìka máa mọ̀. Èyí tó há á yàtọ̀: á le, á dà bíi pé ó ń bá yín jà. Ẹ rọra gbé e, á dún kín-ín, ohùn tí ẹni tó jókòó tì yín lè má gbọ́, irin ìyí á sì sún lábẹ́ ìka kejì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èèyàn bá mọ ìsún yẹn lára ló máa ń yé e pé ẹ̀rọ ló wà níwájú òun, pé ẹ̀rọ náà sì ń dáhùn.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ ni fífi ipá tẹ irin ìyí. Bí ipá bá ti pọ̀, gbogbo píìnì á há pọ̀, èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ gbé kò ní hàn mọ́. Ìka kan ṣoṣo, lẹ́lẹ́, ti tó.

Ṣé ó ń yá tó bí fídíò ṣe ń fi hàn?

Fún àgádágodo olówó pọ́ọ́kú, nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ẹ rí nínú fídíò ti lè ṣí àgádágodo kan náà yẹn láìmọye ìgbà kó tó tan kámẹ́rà. Ẹ fún un ní èyí tí kò rí rí, ẹ ó rí i pé ìwájú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Ìtàn kan wà tó fi èyí hàn kedere. Ní London, ilé iṣẹ́ Bramah gbé àgádágodo kan sójú fèrèsé ìsọ̀ wọn láti 1790, pẹ̀lú ìlérí pé ẹni tó bá lè ṣí i láìlo ọmọ kọ́kọ́rọ́ á gba 200 gíní, owó ńlá nígbà náà. Ó wà níbẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún ó lé, kò sẹ́ni tó rí i ṣí. Ní 1851, nígbà Ìpàtẹ Ńlá tí wọ́n ṣe ní London, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Alfred Charles Hobbs dé. Ó kọ́kọ́ ṣí ti ilé iṣẹ́ Chubb, èyí tí wọ́n dìídì ṣe kó máa ti ara rẹ̀ pa bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án lọ́nà àìtọ́. Lẹ́yìn náà ló kojú ti Bramah. Wákàtí 51 ni iṣẹ́ náà gbà á, ó pín in sí ọjọ́ 16, kó tó ṣí.

Ògbóǹtarìgì ni Hobbs. Bí 51 wákàtí bá lè tán lórí àgádágodo kan lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín àgádágodo àti àgádágodo. Lóde òní, àwọn tó ń ṣe èyí tó dára a máa gbẹ́ ìbàdí píìnì wọnú, kó lè máa tan ẹni tó ń gbé e. Á mú kí sílíńdà sún bíi pé ó fẹ́ yí, á sì há síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọ ló máa ń pa irinṣẹ́ tì nígbà tó bá kan irú èyí.

Ṣé ìmọ̀ olè kọ́ nìyí?

Àwọn ará London náà béèrè rẹ̀ ní 1851. Àwọn kan bínú sí Hobbs pé ó ń tú àṣírí fún àwọn ọ̀daràn. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé àwọn tó ń ṣe àgádágodo padà sídìí iṣẹ́, wọ́n sì tún un ṣe.

Èrò tèmi ni pé olè tó ń fọ́lé ní Karu tàbí Mararaba kò ráyè jókòó ti ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹ wo ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n fọ́: igi ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló ya, tàbí wọ́n fi kọ́tà ńlá gé ọrùn àgádágodo, tàbí wọ́n ṣẹ́ irin fèrèsé. Àwọn mìíràn kò ṣẹ́ nǹkan kan, ilẹ̀kùn ni onílé kàn fà pa tí kò yí ọmọ kọ́kọ́rọ́. Ṣíṣí àgádágodo pẹ̀lú irin ìkọ́ ń gba sùúrù, ìdákẹ́jẹ́ àti àkókò, ohun mẹ́ta tí olè kì í ní.

Ní Jámánì, àwọn tó ń fi ṣeré dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1997. Ní Netherlands, ẹgbẹ́ TOOOL wà, tí ó ti tan dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n ń ṣe ìdíje. Àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ ń fi àwọ̀ bẹ́líìtì, láti funfun dé dúdú, sọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dé. Òfin méjì ni kálukú wọn ń tẹ̀ lé: má fọwọ́ kan àgádágodo tí kì í ṣe tìẹ, àyàfi tí ẹni tó ni ín bá yọ̀ǹda, má sì fọwọ́ kan èyí tí wọ́n ń lò lọ́wọ́, kódà kó jẹ́ tìẹ.

Òfin kejì yẹn ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ ni pé irin ìkọ́ lè ba sípíríǹgì jẹ́, píìnì lè há, ẹ ó wá dúró síta ilé yín lálẹ́ pẹ̀lú ọmọ kọ́kọ́rọ́ tí kò wọlé mọ́. Ẹni tó sì ń gbé ilé háyà, ti lánlọ́ọ̀dù ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ?

Penal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, tó ti Àríwá ọdún 1960 wá ni Abuja ń lò. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá ṣí àgádágodo ilé onílé láti wọlé hùwà ọ̀daràn ti fọ́lé, bí kò tilẹ̀ ṣẹ́ igi kan. Ní ìhà Gúúsù, Criminal Code sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kí wọ́n ká irinṣẹ́ ìfọ́lé mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lóru láìní ìdí tó bófin mu, ẹni tí wọ́n ká a mọ́ lọ́wọ́ ló sì máa fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé.

Nítorí náà, mo ń bẹ yín, kí irinṣẹ́ yìí máa gbé inú ilé. Ẹ má fi í sínú báàgì lọ síbi iṣẹ́, ẹ má fi í sínú ọkọ̀, ẹ má mú un dání lálẹ́ láti fi han ọ̀rẹ́. Máígáàdì àdúgbò àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ òru kò ní dúró gbọ́ ìtàn Hobbs. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ẹ ṣáà mọ bí nǹkan ṣe ń rí tí wọ́n bá pariwo olè.

Báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀?

Ọjà Dei-Dei ni kí ẹ lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé kíkọ́. Ẹ ra sílíńdà ilẹ̀kùn irin kan lọ́tọ̀, ìyẹn odidi irin tí ihò kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀, tó ṣeé yọ kúrò lára ilẹ̀kùn. Wọ́n ń tà á láìsí ilẹ̀kùn, torí ẹni tí ọmọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù kò ní láti ra ilẹ̀kùn tuntun. Sílíńdà dára fún ẹ̀kọ́ ju àgádágodo lọ nítorí ó ṣeé tú. Èèyàn lè yọ gbogbo píìnì rẹ̀, kó dá ọ̀kan ṣoṣo padà, kó fi kọ́ bí píìnì ṣe ń jókòó. Bí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, á fi ìkejì sí i, á fi ìkẹta. Ẹ tú u sórí aṣọ funfun tàbí nínú àwo, torí sípíríǹgì yẹn kéré, bó bá fò lọ kò ṣeé wá.

Wọ́n ń ta irinṣẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn mìíràn ń fi irin pẹlẹbẹ inú rọ́bà wáípà ọkọ̀ ṣe irin ìyí, ohun tí mẹkáníìkì ní Apo máa ń jù nù. Àgádágodo oníke tí a lè rí inú rẹ̀ dára láti fi ojú rí ohun tí mo ṣàlàyé lókè, ṣùgbọ́n kò kọ́ ìka ní nǹkan kan, torí ó rọrùn jù láti ṣí.

Tí ẹ bá wà ní Kano, Kaduna tàbí Abuja níbí, ẹ ó pàdé ohun tí àwọn fídíò kì í sọ: eruku ọyẹ́. Láti ìparí ọdún wọ February, eruku á wọ inú ihò, píìnì á máa lọ tìkọ̀tìkọ̀, gbogbo wọn á dà bí ẹni tó há. Ẹ má da òróró tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i. Á yọ̀ lónìí, á sì di ẹrẹ̀ pẹ̀lú eruku tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi dúdú inú pẹ́ńsù kun eyín ọmọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tì í bọ ihò, kí ẹ fà á yọ, lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ó wúlò fún géètì yín náà, kódà bí ẹ ò bá ní í fọwọ́ kan irin ìkọ́ láyé.

Kí ló yẹ kí ó yí padà nínú bí a ṣe ń ra àgádágodo?

Ẹ̀kọ́ yìí ni mo rò pé ó tó gbogbo ilé í gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ ka píìnì. Bí píìnì bá jẹ́ mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀n gíga márùn-ún, oríṣi ọmọ kọ́kọ́rọ́ tó lè wà kò ju 625 lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, tí ìwọ̀n gíga sì jẹ́ mẹ́fà, á di 7,776. Ilé iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú kì í sì lo gbogbo rẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kọ́kọ́rọ́ aládùúgbò fi ń ṣí tiyín nígbà mìíràn, tí a ó máa rò pé àfọ̀ṣẹ ni. Ẹ dán an wò lójú ọlọ́jà: ẹ mú àgádágodo méjì tàbí mẹ́ta irú kan náà, ẹ fi ọmọ ọ̀kan dán ìkejì wò. Bó bá yí, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹ wo eyín ọmọ kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú. Bí gbogbo gọ́tà rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó rọrùn láti ṣí. Èyí tí ọ̀kan jìn wọnú tí èyí tó tẹ̀lé e sì ga fíofío máa ń ni ẹni tó ń fi irin ìkọ́ gbé e lára.

Ní ti ilẹ̀kùn irin, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kò kan irin ìkọ́ rárá. Bí orí sílíńdà bá yọ síta ju irin tó yí i ká lọ, ìdimú lásán (plier) lè ṣẹ́ ẹ láàárín, níbi ihò bóòtù rẹ̀ tó fẹ́lẹ́. Kí ẹni tó ń de ilẹ̀kùn tó lọ, ẹ fi ìka kàn án. Ó yẹ kí sílíńdà bá irin ojú ilẹ̀kùn dọ́gba. Bí ó bá yọ, gígùn rẹ̀ kò bá ilẹ̀kùn mu, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó kúrú.

Ìgbà tí ẹ bá sì ń sanwó, ẹ ka iye ọmọ kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú páálí, ẹ fi wé iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí ó bá dín, tàbí tí ọ̀rá rẹ̀ ti já, ẹ lọ sí ìsọ̀ mìíràn.